Ẹ̀rọ Kò Ní Ojú: Ọ̀rọ̀ Ìtọ́ni lórí Ẹ̀rọ tí ń Fọ Ìgò Ilé Àyẹ̀wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ òsì, òsì ní í wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ méjèèjì fi í mọ́. Kò sí ẹni tí ó dàgbà nínú ilé tí kò mọ ohun tí fífọ nǹkan jẹ́. Ìyá a máa fọ ìkòkò, ọmọ a máa fọ igbá, alágbàfọ̀ a máa fọ aṣọ. Ṣùgbọ́n oríṣi fífọ kan wà tí ojú ará ìlú kì í tó, tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rọ̀ mọ́. Èyí ni fífọ àwọn ohun èlò onígò tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn wò ní ilé àyẹ̀wò.

Nígbà tí ibà bá mú ọmọ, tí nọ́ọ̀sì sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kì í dúró ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Ilé àyẹ̀wò ni ó ń lọ. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ohun èlò tí a ń lò níbẹ̀ lóde òní jẹ́ oníke, tí a máa ń jù nù lẹ́yìn ìgbà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìgò ṣì wà níbẹ̀: ìgò tí a fi ń wọn omi, ìgò tí a ti ń po oògùn àyẹ̀wò, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwo pẹrẹsẹ tí a ti ń mú kí kòkòrò àrùn hù kí a lè mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni a ń fọ̀ tí a sì ń tún lò. Bí ìdọ̀tí àná bá ṣẹ́kù sínú ọ̀kan nínú wọn, èsì àyẹ̀wò òní lè di irọ́. Bí ọṣẹ bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ọṣẹ náà lè ba ẹ̀jẹ̀ tí a bá dà sí i jẹ́, kí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò sì ṣi ohun tí ó rí túmọ̀. Ẹni méjì ni ọ̀ràn yìí kàn jù lọ: ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀, àti ẹni tí ń fọ ìgò. Ẹni èkejì yìí kì í sábà ní orúkọ lẹ́nu ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ ọmọ abúlé tí ó wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá.

Ní ilé àyẹ̀wò tí ó bá tóbi, ẹ̀rọ ni ó ń fọ ìgò. Ẹ̀rọ náà dà bí àpótí irin tí kì í dípẹtà. Ó ní ilẹ̀kùn tí ń ti ara rẹ̀ pa, ó ní àtẹ tí a ń to ìgò lé, ó sì ní apá irin oníhò tí ń yí bírípó, tí ń fọ́n omi sókè sódò. Ènìyàn a to ìgò sínú rẹ̀, a tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ a sì ṣe ìyókù. Nítorí èyí ni àwọn kan fi rò pé iṣẹ́ tí kò fẹ́ ọgbọ́n ni. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹ̀rọ ní agbára, ó ní ooru, ó sì ní sùúrù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní ojú. Kò mọ ohun tí ó wà nínú ìgò tí a gbé fún un. Kò mọ̀ bóyá omi lásán ni tàbí àrùn tí ń pani. Ènìyàn tí ó dúró tì í ni ojú rẹ̀.

ÀRÙN KÒ MỌ Ọ̀GÁ

Ní ọdún 1927, dókítà ará Ireland kan tí ń jẹ́ Adrian Stokes wà ní Yaba ní Èkó, láàárín àwọn onímọ̀ tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán wá láti wádìí ibà pọ́njú, èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àrùn náà lè ti ara ènìyàn wọ ara ọ̀bọ, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ láti wádìí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, àrùn tí Stokes ń wádìí mú òun fúnra rẹ̀, ó sì kú ní oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, ní Accra, àrùn kan náà pa Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Kò pé ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ tí William Young, dókítà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ibẹ̀, fi tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1969, àrùn tuntun kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Yale ní Amẹ́ríkà. Onímọ̀ tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, Jordi Casals, kó àrùn náà, díẹ̀ ni ó kù kí ó kú. Lẹ́yìn èyí, òṣìṣẹ́ mìíràn ní ilé àyẹ̀wò ibẹ̀, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò kan àrùn Lassa rárá, kó o, ó sì kú.

Kì í ṣe ìgò fífọ ni ó pa àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn fi hàn pé àrùn tí ó wà nínú ìgò kì í wo ojú ọ̀mọ̀wé, kì í sì í béèrè bóyá iṣẹ́ ẹni ni tàbí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni. Bí ó bá lè mú dókítà tí ó mọ orúkọ rẹ̀, mélòómélòó ni ẹni tí a gbé ìgò fún pé kí ó lọ fọ̀ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún un?

PÍPA KÒKÒRÒ NI Ó Ń ṢÁÁJÚ FÍFỌ

Ẹ fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ó ti abúlé lọ gba iṣẹ́ ìgò fífọ ní ilé àyẹ̀wò. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni pé ọ̀tọ̀ ni fífọ, ọ̀tọ̀ ni pípa kòkòrò. Ìgò tí kòkòrò àrùn ti hù nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti orí tábìlì bọ́ sínú ẹ̀rọ tààrà. Ó ní láti kọ́kọ́ la ìkòkò ìpakòkòrò kọjá.

Ìkòkò yìí jẹ́ ìkòkò irin tí ó nípọn, tí a ń fi èéfín omi gbígbóná ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Charles Chamberland, tí ó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ Louis Pasteur ní ìlú Paris, ni ó ṣe é ní ọdún 1879. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro. Omi tí ń hó nínú ìkòkò ṣíṣí kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìkòkò náà pinpin, tí èéfín kò rí ọ̀nà jáde, agbára èéfín a máa pọ̀ sí i, ooru a sì gòkè tó 121. Bí ooru yìí bá wọ inú ẹrù tán, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, a máa pa àwọn kòkòrò tí omi híhó lásán kò rí pa. Lára àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí ń fi ara pamọ́ sínú èèpo líle, bí irú èyí tí ń gba ojú ọgbẹ́ ìṣó wọlé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn fi ń dì pa.

Ẹ̀rọ tí ń fọ ìgò pẹ̀lú ní ooru tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa mú omi gbóná tó ìwọ̀n 90 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tí ó tó láti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò. Ṣùgbọ́n kò ràn àwọn elépo líle wọ̀nnì. Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀. Omi tútù ni ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń da omi náà nù kí ooru tó dé. Bí kòkòrò bá ṣì wà láàyè nínú ìgò, omi àkọ́kọ́ yẹn ni yóò gbé e gba ojú ihò jáde. Nítorí náà, ìkòkò ni ó ń pa, ẹ̀rọ ni ó ń fọ̀. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

BÍ ẸRÙ ṢE Ń WỌ INÚ Ẹ̀RỌ

Lẹ́yìn tí a ti pa kòkòrò inú ìgò, ọmọbìnrin náà yóò wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, yóò da ohun tí ó kù nínú ìgò sí ibi tí ọ̀gá fi hàn án, yóò sì ṣa èyí tí ó bá sán tàbí tí ó bá fọ́ sọ́tọ̀. Ìgò tí ó ti sán lè fọ́ túútúú nígbà tí omi gbígbóná bá kàn án. Yóò to àwọn tí ó pé lé àtẹ, yóò da ojú wọn dé kí omi lè wọ inú wọn kí ó sì lè ro dànù. Kò ní tò wọ́n lé ara wọn, nítorí ibi tí omi kò bá dé, kò lè mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ yí apá irin tí ń fọ́n omi, kí ó rí i pé kò kọ lu ìgò kankan. Yóò sì wo asẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Bí àfọ́kù ìgò tàbí abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ̀mú ni yóò fi mú un jáde, kì í ṣe ìka ọwọ́.

Ó lè ṣe àwọn kan ní kàyéfì pé omi tútù ni ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ń dáná mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá fọ́ ẹyin sínú omi gbígbóná, funfun rẹ̀ a dì lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ rí: bí omi gbígbóná bá kọ́kọ́ kàn án, a dì mọ́ ara ìgò, kò sì ní fẹ́ bọ́ mọ́. Omi tútù ni yóò kọ́kọ́ ṣàn án lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni omi gbígbóná àti ọṣẹ líle yóò dé, lẹ́yìn náà omi kíkan tí yóò pa agbára ọṣẹ náà, lẹ́yìn náà omi lásán. Omi tí a ti yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni a fi ń kádìí fífọ, nítorí omi kànga àti omi ẹ̀rọ a máa fi ẹfun sílẹ̀ bí irú èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù. Ní ìparí, afẹ́fẹ́ gbígbóná a gbẹ ìgò náà.

OHUN TÍ Ó LÈ ṢE ÈNÌYÀN NÍ JÀǸBÁ

Kẹ́ẹ̀gì méjì ni ó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Nínú ọ̀kan ni ọṣẹ líle wà. Ìbátan ni ó jẹ́ sí omi eérú àti sóòdà tí àwọn tí ń se ọṣẹ ń lò, gbogbo ẹni tí ó bá sì ti se ọṣẹ rí mọ bí ó ṣe ń jẹ awọ ara. Bí ó bá ta sí ojú, a máa wọ inú ẹyinjú lọ jìnnà, ó sì lè fọ́ ojú náà. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin náà bá fẹ́ pààrọ̀ kẹ́ẹ̀gì, yóò wọ awò tí ó bo ojú yíká, ìbọ̀wọ́, aṣọ rọ́bà níwájú, àti bàtà tí ó bo gbogbo ẹsẹ̀. Bí oògùn náà bá ta sí i lójú, kí ó yára lọ sí ibi tí omi mímọ́ ti ń ṣàn, kí ó la ìpéǹpéjú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí ó lọ rí dókítà. Omi ni kí ó lò. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe omi ọmú, kì í ṣe omi ewé.

Nínú kẹ́ẹ̀gì kejì ni omi kíkan wà. Omi kíkan yìí kò gbọ́dọ̀ pàdé oògùn tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, tí a tún ń lò láti nu tábìlì ilé àyẹ̀wò. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, èéfín olóró tí ń jẹ́ kílórínì ni yóò jáde. Èéfín yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sójú ogun ní Ypres ní ilẹ̀ Belgium ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kú láìsí ọgbẹ́ lára. Ohun tí wọ́n kà sí ohun ìjà lójú ogun, àìmọ̀kan lè pò ó pọ̀ nínú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ tì. Kí oníkálukú fi oògùn sílẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì tí ó bá a wá, pẹ̀lú ìwé tí ó wà lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu díẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò gbé lọ sílé, nítorí òùngbẹ kì í jẹ́ kí ọmọdé bi ìgò léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ewu kẹta ni àwọn oògùn olómi tí ń yára gbẹ, tí ń gbaná bí epo bẹntiróòlù. Bí díẹ̀ bá kù nínú ìgò tí a sì ti ìgò náà mọ́ inú ẹ̀rọ, ooru a sọ ọ́ di èéfín, iná mọ̀nàmọ́ná a sì lè tàn án. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kò lè dá irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ dúró. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ títí a ó fi mú oògùn náà kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, ní ọ̀nà tí ọ̀gá ilé àyẹ̀wò bá là sílẹ̀.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ LỌ

Ní ilẹ̀ wa, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé iná mọ̀nàmọ́ná lè lọ nígbàkígbà. Ẹ wo ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ wà lẹ́nu iṣẹ́, iná sì lọ. Àwọn aláìsàn ń dúró níta. Ọ̀gá rẹ̀ wọlé, ó ní, “Fi irin ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kí o kó ìgò náà jáde. Wọ́n ṣáà ti fojú kan omi.”

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ o, ọ̀gá, ẹ má bínú. Iná lọ kí omi tó gbóná tán, ọṣẹ sì ṣì wà nínú ìgò. Bí mo bá fi ipá ṣí i, omi gbígbóná lè dà sí mi lára, ìgò náà kò sì tíì yẹ fún lílò.”

Òtítọ́ ni ó sọ. Kì í ṣe àìgbọràn. Ilẹ̀kùn tí ń ti ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá òṣìṣẹ́. Olùṣọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fi irin tàn án jẹ, tàbí tí ó fi okùn so ó kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ ní ṣíṣí, ó ti lé olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí iná bá padà dé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a tún fífọ náà ṣe. Àní nígbà tí iṣẹ́ bá parí ní àṣeyọrí, kí òṣìṣẹ́ dúró kí ooru rọlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, kí ó sì gbé ojú rẹ̀ kúrò lójú èéfín. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kí ó tú u, lẹ́yìn tí ó bá ti pa iná láti orísun rẹ̀ tí ó sì ti rí i dájú pé ẹlòmíràn kò lè tan án lẹ́yìn òun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ PÉ Ó MỌ́

Ojú lásán kò tó. Ìgò lè máa dán kí ó má sì mọ́. Bí omi mímọ́ bá ṣàn lára ìgò tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ láìyà, ìgò náà kò ní ọ̀rá. Bí omi bá ń ká jọ ní kóróbójó bí ìrì lórí ewé kókò, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ọṣẹ kù, a lè kán oògùn aláwọ̀ kan tí ń jẹ́ bromothymol blue sí i. Bí ọṣẹ líle bá kù, a di búlúù. Bí omi kíkan ni ó kù, a di pupa rúsúrúsú. Bí kò bá sí èyíkéyìí, àwọ̀ ewé ni yóò ní. Kí òṣìṣẹ́ kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí ó rí sínú ìwé. Ìwé náà kì í ṣe fún ìfẹ̀sùnkanni. Ẹlẹ́rìí ni, nígbà tí èsì àyẹ̀wò kan bá ru ènìyàn lójú.

Ẹ̀yin ará ìlú, ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kékeré kò ní ẹ̀rọ yìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ ìgò wọn. Òfin rẹ̀ kò yàtọ̀: kí a pa kòkòrò ṣáájú, kí a dáàbò bo ojú àti ọwọ́, kí a má ṣe po oògùn tí a kò mọ̀, kí a fi omi ṣàn án títí ọṣẹ yóò fi tán. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín bá rí irú iṣẹ́ yìí gbà, ẹ bi í léèrè bóyá wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, àti bóyá wọ́n kọ́ ọ kí wọ́n tó fà á lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe tijú láti bi ọ̀gá yín pé, “Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó wà nínú ìgò yìí?” Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìwà àfojúdi. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ń fọ ìgò ni láti mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń dúró de èsì àyẹ̀wò, bí wọ́n bá sọ fún yín pé kí ẹ padà wá lọ́la, nítorí pé iná lọ tí wọ́n sì ń tún ìgò fọ̀, ẹ má ṣe bínú. Ẹnìkan nínú yàrá ẹ̀yìn ni ó kọ̀ láti fi ìgò àìmọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín wò. Ẹ̀rọ kò ní ojú. Ojú ẹni náà ni ó ń ṣọ́ yín.